Nile Project

Nile Project lorúkọ ètò kan tó kó àwọn olórin jọ láti àwọn orílẹ̀-èdè tó ń mu omi Odò Náílì, wọ́n á jọ kọ orin tuntun, wọ́n á wá máa gbé e kiri láti ìlú dé ìlú. Mina Girgis, ọmọ Íjíptì tó kàwé nípa orin, àti Meklit Hadero, akọrin tí wọ́n bí sí Etiópíà àmọ́ tó dàgbà sí Amẹ́ríkà, ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 2011. Áfíríkà kọ́ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ o, California ni, níbi konsáàtì orin Etiópíà kan, ló bá yé wọn pé ó dìgbà téèyàn bá dé Amẹ́ríkà kó tó gbọ́ orin aládùúgbò ẹ̀.

Ọdún yẹn náà ni Etiópíà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ dáàmù ńlá sórí apá kan odò ọ̀hún, inú Íjíptì ò sì dùn sí i rárá, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú omi wọn. Orílẹ̀-èdè 11 ló jọ ni odò náà, ó gùn tó nǹkan bíi 6,650 kìlómítà, ohun tẹ́ni tó wà lókè bá sì ṣe sí omi, á kan ẹni tó wà nísàlẹ̀.

January 2013 ni wọ́n kọ́kọ́ jókòó pọ̀, ní Aswan ní gúúsù Íjíptì, orúkọ ìlú yẹn náà ni wọ́n sì fún àwo orin àkọ́kọ́. Iṣẹ́ ńlá ni, torí ohùn ò bára mu: orin Lárúbáwá ní àwọn ohùn kan tó bọ́ sáàárín ohùn méjì lórí dùùrù, ti Etiópíà sì sábà máa ń fi ohùn márùn-ún péré ṣe tiẹ̀, ẹnì kan á ní láti tún okùn ẹ̀ fà kó tó lè bá èkejì lọ.

Ohun tó dùn mọ́ èèyàn ni pé àwọn ohun èlò orin olókùn wọn, simsimiyya Íjíptì, tanbura Súdàn, krar Etiópíà àti nyatiti àwọn Luo ní Kẹ́ńyà, ọmọ ìyá ni wọ́n, apá igi méjì, igi kan tó dábùú lókè, okùn sì wà láàárín. Nyatiti ní okùn mẹ́jọ, ẹni tó ń ta á á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, á ki òrùka irin bọ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kan, ìyẹn lá máa fi gbá igi ara ẹ̀, á so ṣaworo mọ́ ẹsẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo á wá dà bí odindi ẹgbẹ́. Masenqo Etiópíà ní tiẹ̀, okùn kan péré ni, irun ẹṣin, wọ́n ń fi ọrun fà á, ẹni tó bá mọ gòjé onísákárà á ti mọ bó ṣe ń ké.

Àwọn obìnrin náà ò gbẹ́yìn. Kasiva Mutua láti Kẹ́ńyà ń lùlù, iṣẹ́ tọ́pọ̀ èèyàn níbẹ̀ kà sí tọkùnrin, Sophie Nzayisenga láti Rùwáńdà sì ń ta inanga, ohun èlò orin olókùn kan, tí bàbá ẹ̀ fi kọ́ ọ.

Lọ́dún 2015 wọ́n rìn káàkiri Amẹ́ríkà, wọ́n ń ṣeré, wọ́n tún ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì sọ̀rọ̀ omi. Jinja, àwo tó jáde lọ́dún 2017, orúkọ ìlú Ùgáńdà kan ni, níbi tómi ti ń jáde látinú adágún Victoria, tó ń ṣàn lọ bá àwọn ará Aswan.