Hóró, Àlàfo àti Ìwúwo: Bí Ẹ̀kọ́ nípa Kíki Nǹkan Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Nínú ìwé físíìsì tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ń lò, àpótí mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń yà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Nínú èkíní, àwọn nǹkan róbótó kéékèèké, tí a ń pè ní hóró, fún mọ́ ara wọn ní ìlà-ìlà. Nínú èkejì, wọ́n ṣì wà nítòsí ara wọn ṣùgbọ́n ìlà wọn ti dàrú. Nínú ẹ̀kẹta, díẹ̀ péré ni ó kù, olúkúlùkù sì ń fò lọ síbi tí ó wù ú. Nǹkan líle, nǹkan ṣíṣàn àti gáàsì nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni olùkọ́ yóò wá kọ́ wọn ní kíki, èyí tí í ṣe iye gíráàmù tí ó wà nínú sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì kan, yóò sì sọ fún wọn pé ohun tí hóró rẹ̀ bá fún jù ni ó ki jù. Ìdajì òtítọ́ ni gbólóhùn yìí. Òjé ki ju alumíníọ̀mù lọ ní ìlọ́po mẹ́rin, nítorí pé gíráàmù 11.3 ni ti òjé nígbà tí ti alumíníọ̀mù jẹ́ 2.7, síbẹ̀ àwọn hóró òjé jìnnà sí ara wọn ju àwọn hóró alumíníọ̀mù lọ. Ìdajì yìí ni àwọn ọlọ́gbọ́n dì mú fún ohun tí ó lé ní 2,000 ọdún kí wọ́n tó rí ìdajì kejì.

Ní ìlú Abdera, ní etí òkun Thrace ní ìhà àríwá Gíríìkì, ní ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú ìbí Kristi, Democritus, tí ó gba èrò náà lọ́wọ́ Leucippus, kọ́ni pé ohun méjì péré ni ó wà: àwọn hóró tí ẹnikẹ́ni kò lè gé sí wẹ́wẹ́ mọ́, àti àlàfo tí wọ́n ń rìn nínú rẹ̀. Inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí ohun tí kò ṣeé gé ni orúkọ átọ̀mù ti jáde. Ohun tí ó wú mi lórí jù nínú iṣẹ́ ọkùnrin yìí ni pé ọ̀rọ̀ kíki gan-an wà lára ohun tí ó fi dán èrò rẹ̀ wò. Theophrastus, tí í ṣe ọmọ-ẹ̀yìn Aristotle, ròyìn àlàyé rẹ̀ nípa irin àti òjé. Irin le ju òjé lọ, òjé sì wúwo ju irin lọ. Bí ó bá jẹ́ pé fífún hóró mọ́ ara wọn ni ó ń mú nǹkan wúwo, tí òun náà sì ń mú un le, kí ló dé tí èyí tí ó wúwo jù fi rọ̀ jù? Democritus dáhùn pé àlàfo inú irin pọ̀ ju ti òjé lọ, ṣùgbọ́n kò tàn kálẹ̀ dọ́gbadọ́gba: hóró irin dì gírígírí ní ibì kan, ihò ńlá sì wà ní ibòmíràn, nígbà tí ti òjé tò dọ́gba jákèjádò. Ẹni tí ó bá ti fi ọ̀bẹ ha òjé rí, tí ó rí bí ó ti ń gba ojú ọ̀bẹ wọlé, yóò mọ̀ pé ìbéèrè tòótọ́ ni ó ń dáhùn.

Ṣùgbọ́n ohun kan náà ni gbogbo hóró Democritus fi ṣe. Kò lè sọ pé hóró òjé kan ṣoṣo fi iye báyìí wúwo ju hóró irin kan ṣoṣo lọ, nítorí pé kò sí òṣùwọ̀n tí ó lè gbé ọ̀kan nínú wọn. Àlàfo nìkan ni ó ní láti fi ṣàlàyé. Aristotle kọ àlàfo náà pátápátá, ọ̀rọ̀ Aristotle sì ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Yúróòpù tẹ̀lé fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún.

Ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni kíki fúnra rẹ̀ gbà wọlé, ọ̀nà àwọn tí ń wọn nǹkan. Gbogbo ayé ni ó mọ ìtàn Archimedes ará Syracuse, tí ọba Hiero fún ní adé wúrà kan pé kí ó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá alágbẹ̀dẹ ti fi fàdákà lú u. Vitruvius ni ó sọ ìtàn náà fún wa, nǹkan bí 200 ọdún lẹ́yìn ikú Archimedes, ó sì ní omi tí ó ṣàn dànù nígbà tí wọ́n ri adé náà sínú omi ni ó tú àṣírí. Ní ọdún 1586, Galileo, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 22, kọ ìwé kékeré kan láti fi hàn pé ọ̀nà yẹn kò péye tó fún ọlọ́gbọ́n bí Archimedes. Ó yẹ kí a ṣírò ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Adé wúrà tí ó jẹ́ kìlógíráàmù kan gba àyè tí ó tó sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì 52. Bí alágbẹ̀dẹ bá yọ gíráàmù 300 nínú wúrà náà tí ó fi fàdákà rọ́pò rẹ̀, yóò gba 65. Nínú ìkòkò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20, ìyàtọ̀ tí èyí yóò fà lójú omi kò tó ìdajì mìlímítà kan. Ta ni yóò fi ojú lásán rí i? Ohun tí Galileo rò pé Archimedes ṣe ni pé ó wọn adé náà lórí òṣùwọ̀n nígbà tí ó wà nínú omi, nítorí pé Archimedes fúnra rẹ̀ ti fi hàn pé iye ìwúwo omi tí nǹkan bá tì sẹ́yìn ni ìwúwo tí yóò pàdánù nínú omi.

Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Mùsùlùmí ni ó sọ wíwọn yìí di iṣẹ́ aláìlábùkù. Al-Biruni wọn kíki àwọn irin àti òkúta iyebíye nípa omi tí ó ń ṣàn jáde láti ara ìkòkò ọlọ́rùn tóóró, al-Khazini, tí ó gbé ní Merv, sì parí ìwé ńlá kan nípa òṣùwọ̀n ní ọdún 1121. Kì í sì í ṣe àwọn onímọ̀ ìwé nìkan ni ó ní ìmọ̀ náà lọ́wọ́. Nílẹ̀ wa, nígbà tí àwọn ìyá bá pa èkùrọ́ tán, tí ọmọ inú rẹ̀ àti èèpo rẹ̀ dàpọ̀, wọn kì í jókòó ṣa á lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú omi lásán, méjèèjì ni yóò rì. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń po amọ̀ mọ́ omi títí omi náà yóò fi ki, tí ọmọ èkùrọ́ yóò léfòó tí èèpo yóò sì wà nísàlẹ̀; bí kò bá tíì léfòó, wọn á tún bu amọ̀ sí i. Kíki ọmọ èkùrọ́ ni wọ́n ń wá yẹn, amọ̀ sì ni òṣùwọ̀n wọn. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, a óò tún pàdé rẹ̀ ní Paris.

John Dalton, ọmọ ahunṣọ kan láti Eaglesfield ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ti ń ṣe olùkọ́ láti ọmọ ọdún 12, ni ó rí ìdajì kejì, ìbéèrè nípa kíki ni ó sì mú un dé ibẹ̀. Ojúmọ́ kan kì í mọ́ kí ó má kọ ipò ojú ọjọ́ sílẹ̀. Ọ́síjìn ki ju náítírójìn lọ. Kí ló wá dé tí afẹ́fẹ́ kò fi pín sí ìpele, kí ọ́síjìn wà nísàlẹ̀ kí náítírójìn sì wà lókè, bí epo ṣe máa ń wà lórí omi? Bí ó ti ń wá ìdáhùn ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa ìtóbi àti ìwúwo àwọn hóró gáàsì kọ̀ọ̀kan, títí ó fi kọ àkójọ ìwúwo átọ̀mù rẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1803. Èyí ni ohun tí Democritus kò ní: kí hóró ohun kan ní ìwúwo tirẹ̀ tí ó yàtọ̀ sí ti òmíràn. Dalton ṣe àṣìṣe, nítorí tí ó ka omi sí háídírójìn kan àti ọ́síjìn kan, nítorí náà ni ó fi fún ọ́síjìn ní 7 nínú ìwé rẹ̀ ti 1808, bí a bá fún háídírójìn ní 1, dípò 16. Amedeo Avogadro, ará Turin, ni ó fi ọ̀nà àtúnṣe hàn ní ọdún 1811: bí gáàsì méjì bá gba àyè kan náà, nínú ooru kan náà àti ìfúnpá kan náà, iye hóró wọn dọ́gba. Bí ọ́síjìn bá wá ki ju háídírójìn lọ ní ìlọ́po 16, a jẹ́ pé hóró rẹ̀ wúwo ju ti háídírójìn lọ ní ìlọ́po 16. Kíki di òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ohun tí ojú kò rí. Avogadro kú ní ọdún 1856 láìrí i kí èrò rẹ̀ gbilẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí Stanislao Cannizzaro gbèjà rẹ̀ níbi àpéjọ àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ní Karlsruhe ní ọdún 1860 ni ó tó rẹ́sẹ̀ walẹ̀.

Ní ọdún 1865, August Wilhelm Hofmann gbé àwọn bọ́ọ̀lù onígi tí wọ́n fi ń ta eré kírókẹ́ẹ̀tì wá síwájú àwọn olùgbọ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó kun kábọ́ọ̀nù ní dúdú, ọ́síjìn ní pupa, náítírójìn ní búlúù àti háídírójìn ní funfun, àwọ̀ tí a ṣì ń lò títí dòní. Irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ dára púpọ̀ fún fífi bí hóró ṣe tò hàn. Kò lè fi ìwúwo wọn hàn, mo sì gbà pé ibẹ̀ ni ìdajì òtítọ́ inú àwòrán àpótí mẹ́ta ti ń wá.

Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tíì rí átọ̀mù. Àwọn ọ̀mọ̀wé ńlá bíi Ernst Mach àti Wilhelm Ostwald sọ pé irinṣẹ́ ìrònú lásán ni, Ludwig Boltzmann tí ó ń jà fún un sì kú ní ọdún 1906. Ní ọdún 1908 ni Jean Perrin gbé ìbéèrè náà sórí tábìlì rẹ̀ ní Paris. Ó mú oje igi kan tí ó jẹ́ yẹ́lò, èyí tí àwọn ayàwòrán ń fi kun nǹkan, ó pò ó mọ́ omi, ó sì fi ẹ̀rọ ayíbírí ya àwọn hóró rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nínú kìlógíráàmù kan, kìkì ìwọ̀nba tí kò tó gíráàmù kan ni ó rí tí ìtóbi wọn dọ́gba. Ó ní láti mọ kíki wọn. Ọ̀kan nínú ọ̀nà tí ó gbà ni pé ó ń da iyọ̀ kẹ́míkà sínú omi náà díẹ̀díẹ̀, títí àwọn hóró náà kò fi rì tí wọn kò sì léfòó mọ́, bí àwọn ìyá ṣe ń bu amọ̀ sí omi èkùrọ́ gẹ́lẹ́. Nǹkan bí 1.2 ni ó rí.

Lẹ́yìn náà ni ó gbé ẹ̀kán omi kan sábẹ́ máíkírósíkóòpù, tí ó ń ka hóró ní ìpele-ìpele. Bí 100 bá wà ní ìpele ìsàlẹ̀, 47 ni yóò wà ní ìdá 30 nínú ìdá 1,000 mìlímítà lókè rẹ̀, lẹ́yìn náà 23, lẹ́yìn náà 12. Ìdajì, ìdajì, ìdajì. Afẹ́fẹ́ náà ń dín sí ìdajì báyìí bí a ti ń gòkè, àmọ́ kìlómítà 5 sí 6 ni òun ń gbà kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí pé Perrin mọ ìwúwo hóró oje igi rẹ̀, ìfiwéra ibi gíga méjèèjì fún un ní ìwúwo hóró afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo. Ní ọdún 1909, Ostwald gbà ní gbangba pé átọ̀mù wà.

Láti ìgbà náà ni a ti lè yí ìṣirò náà padà, kí a fi kíki àti ìwúwo hóró wá àlàfo tí Democritus ń méfò. Lawrence Bragg ṣe é ní ọdún 1913 pẹ̀lú iyọ̀, irú èyí tí a ń sè sí ọbẹ̀. Gíráàmù 58.4 iyọ̀ ní hóró sódíọ̀mù 6.02 × 10²³ àti hóró kílóríìnì iye kan náà. Kíki iyọ̀ jẹ́ 2.16, nítorí náà àyè tí wọ́n gbà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì 27. Bí a bá pín àyè náà fún gbogbo wọn lọ́gbọọgba, sẹ̀ǹtímítà 2.8 × 10⁻⁸ ni yóò wà láàárín hóró kan àti èkejì rẹ̀, ìwọ̀n yìí sì ni Bragg fi ka àmì tí ìtànṣán X ń fi sílẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ta lára iyọ̀.