Àkàtúnkà Nìkan Kọ́ Ló Ń Jẹ́ Kí Ìwé Wọlé

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ gbà pé béèyàn bá ti ka orí ìwé kan ní àkàtúnkà, tó sì fa ìlà sábẹ́ àwọn ibi tó ṣe kókó, ìwé náà ti wọlé nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń tanni jẹ ni pé bá a bá kà á lẹ́ẹ̀kẹta, gbólóhùn kankan kì í ṣàjèjì mọ́, kíkà rẹ̀ á máa já geere, a ó sì wí nínú ara wa pé, "Mo ti mọ èyí." Ojú ló mọ̀ ọ́n. Kí ojú dá ọ̀rọ̀ mọ̀ nígbà tó wà níwájú wa yàtọ̀ pátápátá sí kí iyè sọ nígbà tá a ti pa ìwé dé.

Ẹ mú bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gba inú ọkàn kọjá. Ẹ kà á tán, ẹ pa ìwé dé, tó bá di ọjọ́ kejì, kí ẹ yà á sórí bébà òfìfo. Ẹni tó ti kà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin lè yà á dé ìdajì, kí bíírò sì dúró: ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ẹ̀dọ̀fóró bọ̀, ṣé apá ọ̀tún ọkàn ló ń wọ̀ ni àbí apá òsì? Apá òsì ni. Ó ti kà á kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́rin láìmọ̀ pé òun ò mọ̀ ọ́n.

Lọ́dún 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, gbé ìwádìí kan jáde lórí èyí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan fi àsìkò mẹ́rin ka àyọkà kan. Àwọn mìíràn fi àsìkò kan péré kà á, wọ́n sì fi mẹ́ta tó kù kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀ láìwòwé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó ń kà á ṣáá ló borí: ìdá 83 nínú 100 ni wọ́n rántí, àwọn yòókù rántí 71. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ yí padà: 40 ló kù lọ́wọ́ àwọn òǹkàwé, 61 lọ́wọ́ àwọn tó dán ara wọn wò. Èyí tó dùn mí jù ni pé àwọn òǹkàwé yìí gan-an ni ọkàn wọn balẹ̀ jù pé àwọn máa rántí.

Bí iyè bá ń kọ̀ láti sọ, ọ̀pọ̀ á rò pé orí àwọn ò pé ni, wọ́n á sì sáré ṣíwèé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tètè ṣí i. Wàhálà yẹn gan-an ló ń gbìn ín. Ẹ má sì dán ara yín wò gbàrà tẹ́ ẹ bá kà á tán, torí ohun tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kà ṣì wà lójú. Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ kejì. Ibi tó bá ti há, ẹ wá a nínú ìwé, kẹ́ ẹ fi bíírò àwọ̀ mìíràn kọ ọ́ kún un. Ibi tí àwọ̀ yẹn wà ni kíkà yín á ti bẹ̀rẹ̀ nígbà mìíràn.