Bí Adìẹ Piri-piri Ṣe Ṣẹ̀ ní Mòsámbíìkì

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí adìẹ piri-piri, ìyẹn adìẹ yíyan tí wọ́n fi ata pa lára, ti ṣẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Pilipili ni àwọn tó ń sọ èdè Swahili ń pe ata. Ẹnu àwọn Pọtogí tó tẹ̀dó sí etíkun Ìlà-oòrùn Áfíríkà ni ó ti di piri-piri. Àwọn Pọtogí yìí ló kó irúgbìn ata náà gba orí òkun wá, síbẹ̀ orúkọ tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn onílẹ̀ ni wọ́n ń pè é títí dòní. Lójú tèmi, ẹ̀rí ńlá nìyẹn pé ìdí ààrò àwọn onílẹ̀ ni wọ́n ti mọ adùn rẹ̀.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ata yìí ti wá. Kí Columbus tó dé ibẹ̀ ní 1492, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ní Áfíríkà. Ataare àti ìyèré wà lára ohun tí àwọn baba ńlá tiwa náà fi ń mú oúnjẹ ta. Ní 1498, Vasco da Gama, atukọ̀ Pọtogí, gúnlẹ̀ sí Erékùṣù Mòsámbíìkì, lẹ́yìn náà ni àwọn ọkọ̀ Pọtogí tó ń lọ sí Góà ní Íńdíà sọ ibẹ̀ di ibùdókọ̀ wọn, ata sì bá wọn gúnlẹ̀. Èyí tó kéré jù nínú wọn, tí àwa mọ̀ sí ata wẹ́wẹ́, kò dúró de ẹni tí yóò gbìn ín: ẹyẹ kì í mọ títa ata lẹ́nu, nítorí náà wọ́n ń ṣa á jẹ, wọ́n sì ń ṣu irúgbìn rẹ̀ káàkiri inú igbó.

Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn alásè Mòsámbíìkì ni ó sọ ata yìí di ohun tí ayé ń wá. Wọ́n á la adìẹ, wọ́n á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ bí ẹní; wọ́n á gún ata wẹ́wẹ́ mọ́ aáyù àti iyọ̀, wọ́n á fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n á fi pa adìẹ náà lára títí dé abẹ́ awọ, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ata lè wọ inú ẹran. Orí ẹ̀yinná tí kò ru sókè mọ́ ni wọ́n ń yan án sí. Ní agbègbè Zambézia, tí àgbọn pọ̀ sí, wọ́n á rin àgbọn, wọ́n á fún omi funfun rẹ̀ mọ́ ata náà; ọ̀rá àgbọn a pẹ̀rọ̀ títa rẹ̀, awọ adìẹ a sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú.

Nítorí náà ni mi ò ṣe fara mọ́ ọn nígbà tí wọ́n bá ń pè é ní oúnjẹ Pọ́túgà lásán. Ní Góà pàápàá, cafreal ni wọ́n ń pe adìẹ tí wọ́n fi ata àti ewé rẹ; láti ara cafre, tí àwọn Pọtogí fi ń pe ènìyàn dúdú, ni orúkọ náà ti wá.

Nígbà tí Mòsámbíìkì àti Àngólà gba òmìnira ní 1975, àwọn Pọtogí tó kúrò níbẹ̀ gbé oúnjẹ náà lọ sí Lisbon àti Johannesburg. Ní Rosettenville, ní Johannesburg, ni Fernando Duarte àti Robert Brozin ti ra ilé oúnjẹ kan tó ń jẹ́ Chickenland ní 1987, tí wọ́n sì sọ ọ́ di Nando's. Ní 1992, wọ́n dé Ealing ní Lọ́ńdọ̀nù, ìlú tí àwọn ọmọ Yorùbá ti ń jẹ piri-piri lónìí, ata wẹ́wẹ́ kan náà tó wà lórí àtẹ àwọn ìyá wa lọ́jà.