Kantíkantí Kì í Ṣe Ọmọ Eṣinṣin

Ẹni tó bá dúró díẹ̀ nídìí àtẹ ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ọjà Kútọ̀, ní Abẹ́òkúta, yóò rí kantíkantí tí wọ́n ń rà bàbà lórí èyí tó ti jẹrà. Kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ kí ẹnìkan sọ pé ọmọ eṣinṣin ni wọ́n, pé bí wọ́n bá dàgbà tán, wọn yóò di èyí tó ń bà lé ẹran ní Lafẹ́nwá. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ jọ òótọ́, nítorí pé ọmọ ewúrẹ́ a máa di ewúrẹ́, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ eṣinṣin.

Ìdin ni ọmọ eṣinṣin, ìgbà ìdin nìkan ni ó sì ń dàgbà. Yóò jẹun, yóò bọ́ awọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ni yóò sé ara rẹ̀ mọ́ inú èèpo líle. Èyí tó bá ti já èèpo yẹn jáde, tí apá rẹ̀ sì ti nà tó ti gbẹ, àgbà ni. Bí ikùn rẹ̀ tilẹ̀ wú nítorí ẹyin, ara rẹ̀ kò ní tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ títí tí yóò fi kú. Ìdin tí ebi pa yóò di eṣinṣin kékeré, ọmọ ìyá rẹ̀ tó jẹun yó yóò di ńlá, ẹ̀yà kan náà sì ni àwọn méjèèjì.

Láti mọ ẹ̀yà eṣinṣin, apá ni èmi máa ń kọ́kọ́ wò lábẹ́ awò tó ń mú nǹkan kékeré tóbi. Lára eṣinṣin inú ilé, tí Linnaeus, onímọ̀ ará Sweden, sọ ní Musca domestica ní 1758, iṣan kẹrin apá ṣẹ́ kọrọ sókè kí ó tó dé etí; ti Stomoxys, eṣinṣin tó ń buni jẹ, rọra tẹ̀ ni, ti Fannia, eṣinṣin mìíràn tó ń wọlé, sì lọ tààrà. Stomoxys yìí ló ń bu àwọn ènìyàn jẹ lẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń dá eṣinṣin ilé lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ ẹnu eṣinṣin ilé dà bíi kànrìnkàn, kò lè gún awọ. Ilà ẹ̀yìn náà ṣe pàtàkì, bí ilà ojú ti ṣe pàtàkì fún àwọn àgbà wa nígbà kan: mẹ́rin ni ti eṣinṣin ilé, mẹ́ta ni ti Sarcophaga, eṣinṣin ẹran. Ṣùgbọ́n ilà nìkan kò tó, nítorí pé Fannia canicularis náà ní mẹ́ta.

Kantíkantí gan-an kì í ṣe ẹ̀yà kan. Èyí tí ilà funfun là láti orí dé ẹ̀yìn, ìran Zaprionus ni. Drosophila melanogaster, kantíkantí mìíràn, kò ní ilà bẹ́ẹ̀, àmọ́ akọ rẹ̀ ní òòyà dúdú tín-ń-tín ní ẹsẹ̀ iwájú. Drosophila simulans jọ ọ́ débi pé ọdún 1919 ni onímọ̀ kan, Sturtevant, tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ní Amẹ́ríkà, nígbà tó rí i pé ọmọ tí wọ́n bá bí fún ara wọn yàgàn. Ojú ara akọ ni a fi ń mọ èyí tó jẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti abo ṣòro fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n pàápàá. Bí ẹnìkan bá mú abo irú rẹ̀ kan ṣoṣo láti Kútọ̀ wá fún mi, orúkọ méjèèjì ni n ó kọ sára ìgò rẹ̀.