Backing plate: pátákó tó ń di irin etí ọkọ̀ mú lábẹ́ dẹ́ẹ̀kì

Bí èrò bá ń wọ ọkọ̀ ní èbúté Ìpakodò n'Ìkòròdú, irin etí ọkọ̀ ni ọwọ́ wọn kọ́kọ́ ń bá, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ń fi gbogbo ara rọ̀ mọ́. Tó bá yá, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Wọ́n á mú sípánà, wọ́n á fún un le. Kò pẹ́, ó tún ń mì. Bóòtì (bolt) tó dè é kọ́ ló ṣẹ̀. Ohun tó yẹ kó wà lábẹ́ rẹ̀ ni kò sí níbẹ̀, òun ni àwọn tó ń kan ọkọ̀ fáíbà ń pè ní backing plate. Ẹ jẹ́ ká pè é ní pátákó àtìlẹ́yìn.

Kò ju pátákó pẹlẹbẹ kan lọ, plywood tàbí irin, tó wà lábẹ́ dẹ́ẹ̀kì (ilẹ̀ ọkọ̀ tí à ń tẹ̀), ní ọ̀gangan ibi tí ẹsẹ̀ òpó tó gbé irin etí ọkọ̀ ró dúró sí lókè. Bóòtì á gba inú ẹsẹ̀ òpó, á gba inú dẹ́ẹ̀kì, á yọ sí abẹ́ pátákó kí nọ́ọ̀tì tó dì í. Pátákó yìí ló ń pín ìfà bóòtì káàkiri. Láìsí i, wáṣà tín-ín-rín ló ń dá gbogbo rẹ̀ gbé, a sì máa wọ inú fáíbà díẹ̀díẹ̀ bí ìka ṣe ń wọ inú ẹ̀kọ tútù.

Ìfà ọ̀hún kì í ṣe kékeré. Ká ní òpó ga ní 60 sẹ̀ǹtímítà, tí bóòtì ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fi 6 sẹ̀ǹtímítà jìnnà síra. Bí ẹnì kan bá fi agbára 50 kílò fa orí òpó, ìlọ́po mẹ́wàá ló ń dé ìsàlẹ̀: nǹkan bí 500 kílò, tí bóòtì méjì péré yóò pín. Ẹni tó bá ti fi páìpù gígùn tú nọ́ọ̀tì táyà rí ti mọ ọgbọ́n yìí.

Kí ẹ tó tú ohunkóhun, kí ẹnì kan máa ti orí òpó síwá sẹ́yìn, kí ẹlòmíì tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé òpó nìkan ló ń mì nínú ihò ẹsẹ̀ rẹ̀, síkúrúù kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló tú, ìyẹn kò le. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ bá ń gbéra, tí omi dúdú ń jáde lábẹ́ rẹ̀, tàbí tí ara fáíbà ti sán wẹ́wẹ́ bí òwú aláǹtakùn yí i ká, abẹ́ ni ọ̀ràn wà. Ẹ fi èkù síkúrúdíráfà gbá dẹ́ẹ̀kì wò. Ibi tó le á dún kán-kán; ibi tó ti rà á dún bò-bò. Ìdí ni pé ọ̀pọ̀ dẹ́ẹ̀kì jẹ́ fáíbà méjì tó há igi tàbí fóòmù sáàárín. Omi á gba ihò bóòtì wọlé, igi á jẹrà, bí ẹ bá sì ń fún nọ́ọ̀tì lẹ́yìn náà, ẹ kàn ń tẹ dẹ́ẹ̀kì pọ̀ bíi búrẹ́dì ni.

Ẹ yọ bóòtì. Bí bóòtì bá jẹ́ mílímítà 8, ẹ fi dírìlì fẹ ihò náà dé bíi 15, ẹ gbo igi jíjẹrà kúrò, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa (nígbà òjò, ẹ fi tapólì bò ó, ẹ má kánjú). Ẹ di abẹ́ ihò, ẹ rọ epoxy (àtè olómi méjì tí a ń pò pọ̀, tó sì ń le bí òkúta) tó ki sínú rẹ̀, ó di ọjọ́ kejì kí ẹ tó lu ihò 8 sí àárín rẹ̀. Bí omi bá tún wọlé, epoxy ni yóò bá, kì í ṣe igi. Bí ibi tó rà bá ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, iṣẹ́ ihò kọ́ nìyẹn mọ́. Dẹ́ẹ̀kì gbọ́dọ̀ ṣí.

Pátákó ńkọ́? Marine plywood mílímítà 12, kì í ṣe ti àjà ilé, tàbí alumíníọ́mù mílímítà 6. Kó fi ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 3 ju ẹsẹ̀ òpó lọ yíká, kí ẹ sì ha igun rẹ̀ róbótó, torí igun mímú ló ń la fáíbà. Ẹ fi epoxy kun plywood títí dé inú ihò. Abẹ́ dẹ́ẹ̀kì kì í sábà tẹ́jú, nítorí náà ẹ fi epoxy tó ki tẹ́ ẹ kó lè jókòó dáadáa. Bóòtì stainless 316 ni kí ẹ rà. Lẹ́ẹ̀rùn, omi ọ̀sà níwájú Ìkòròdú máa ń níyọ̀ ju ti ìgbà òjò lọ, iyọ̀ yẹn ló ń mú 304, irú stainless tó wọ́pọ̀, dípẹtà. Níbi tí alumíníọ́mù bá ti kan stainless, ẹ fi gọ́ọ̀mù tó ń dínà omi sáàárín wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ alumíníọ́mù á jẹ.

Gọ́ọ̀mù polyurethane ló yẹ, kì í ṣe sílíkóònù: ibi tí sílíkóònù bá ti kàn, ọ̀dà àti gọ́ọ̀mù mìíràn kì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn mọ́. Ẹ ha ẹnu ihò lókè díẹ̀ kí gọ́ọ̀mù lè ṣe òrùka yí bóòtì ká. Ẹ fi gíríìsì díẹ̀ pa eyín bóòtì, torí stainless máa ń há mọ́ stainless. Ẹ fún un títí gọ́ọ̀mù á fi yọ díẹ̀, ẹ dúró; ọjọ́ kejì lẹ tó máa fún un parí. Nọ́ọ̀tì nìkan ni kí ẹ yí. Ẹni tó wà lókè kàn ń di orí bóòtì mú ni, nítorí bí bóòtì bá yí, òrùka gọ́ọ̀mù ti já nìyẹn.

Ìwo irin tí a ń so okùn mọ́ kò yàtọ̀, àfi pé pátákó tirẹ̀ gbọ́dọ̀ tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọwọ́ kò bá sì dé abẹ́ dẹ́ẹ̀kì, ẹ gé ihò tí ọwọ́ lè wọ̀, kí ẹ fi ìdérí oníyíyí bò ó. Ẹ má tìtorí àìrí àyè fi síkúrúù gbá òpó mọ́ fáíbà lásán.