Owó Orí Ló Kọ́kọ́ Là Wọ́n Lójú: Bí Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta Ṣe Kọ́ Ara Wọn ní Ẹ̀tọ́ Ìlú

Kó tó di pé ẹnikẹ́ni fún obìnrin Ẹ̀gbá ní ìbò ni wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n máa fi ìbò ṣe. Ọ̀rọ̀ owó orí ni wọ́n gbà mọ̀ ọ́n.

Ẹgbẹ́ tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti dá sílẹ̀ l'Ábẹ́òkúta lọ́dún 1932, ẹgbẹ́ àwọn tó kàwé ni. Aṣọ rírán àti ìwà ọmọlúwàbí ni wọ́n ń bá kiri. Ọlọ́jà ò sí níbẹ̀. Ní 1944 ni wọ́n gba àwọn obìnrin ọjà tó fẹ́ mọ̀wé kà wọlé. Ẹni tó wá kọ́ ábídí kò fi ẹjọ́ ọjà sílé wá: àwọn aṣojú ìjọba ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ ọlọ́jà, owó tó tọ́ ò sì tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ọmọbìnrin ọdún 15 ti ń san owó orí, ọkùnrin di 16 kó tó san. Àwọn obìnrin fẹ̀sùn kan agbowó-orí pé wọ́n ń tú ọmọdébìnrin sí ìhòòhò kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ti dàgbà tó. Síbẹ̀, kò sí obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná owó náà.

Ní 1946, ẹgbẹ́ yí orúkọ padà sí ti gbogbo obìnrin Abẹ́òkúta. Yorùbá ni wọ́n ń sọ nípàdé, ìró àti bùbá ni ìyáàfin tó kàwé náà ń wọ̀, kí ọlọ́jà má baà máa wò ó bí ọ̀gá. Wọ́n ń dáwó. Wọ́n gba akántáǹtì pé kó yẹ ìwé ìnáwó ìjọba ìbílẹ̀ wò, èyí tó dùn mọ́ni ju orin èébú lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orin èébú náà ò gbẹ́yìn! Bí ìjọba bá kọ̀ kí wọ́n wọ́de, wọ́n á ní píkíníìkì làwọn ń lọ. Wọ́n tún kọ́ra wọn bí èèyàn ṣe ń dáàbò bo ojú bí ọlọ́pàá bá yin tajútajú.

Ní ìparí oṣù kọkànlá 1947, obìnrin tó lé ní 10,000 sùn síwájú Ààfin Aké. Ní 1948, owó orí obìnrin dáwọ́ dúró. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá, ọba Ẹ̀gbá tó ni ààfin náà, kúrò nílùú, ó sì gbé adé sílẹ̀ ní oṣù kìíní 1949, kó tó padà wá ní ìparí 1950. Obìnrin mẹ́rin wọ ìgbìmọ̀ Ẹ̀gbá.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá dojú rú. Nígbà ìdìbò 1954, ẹni tó ń san owó orí lòfin Ìwọ̀-Oòrùn fún ní ìbò. Owó tí wọ́n tìtorí ẹ̀ sùn síta láàfin wá di ìwé àṣẹ ìbò. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ fi ń pariwo pé kí gbogbo àgbàlagbà dìbò, ì báà san owó orí, ì báà má san. Ní 1959, ó rí bẹ́ẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, bó ṣe ti rí ní Ìlà-Oòrùn láti 1954. Obìnrin Òkè Ọya dúró di 1976 kí òfin tó gbà fún wọn.