Kí Ẹ Tó Ra Kátíríìjì Tuntun fún Ẹ̀rọ Àwo Yín

Bàbá kan gbé kátíríìjì tuntun wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ wọn ló rà á ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, owó rẹ̀ sì ju ti ẹ̀rọ àwo tí wọ́n fẹ́ kí n dè é mọ́ lọ. Nígbà tí mo dè é tán tí mo gbé àwo àpàlà kan sí i, ohùn tó jáde dà bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ aṣọ ìbora, bí mo sì ti ń yí ohùn sókè, ariwo húù ló ń gba iwájú orin. Bàbá ní ayédèrú ni wọ́n tà fún ọmọ àwọn. Mo ní, "Ojúlówó ni, bàbá. Òun àti ámpílífáyà yín ni kò gbọ́ èdè ara wọn."

Abẹ́rẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kò ju ṣóńṣó dáyámọ́ńdì tó ń rìn nínú ipa àwo lọ. Kátíríìjì ni àpótí kékeré tó wà ní orí apá ẹ̀rọ, tó ń sọ ìgbọ̀nrìrì abẹ́rẹ́ náà di iná mànàmáná. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní MM, mágínẹ́ẹ̀tì ló ń mì láàárín wáyà tí wọ́n wé. Nínú MC, wáyà náà gan-an ló ń mì, nítorí náà wọn kò lè wé e púpọ̀ kí ó má baà wúwo, iná tó ń ti inú rẹ̀ jáde sì kéré jọjọ. MM máa ń mú nǹkan bíi mílífóòtì 3 sí 6 jáde, àmọ́ ọ̀pọ̀ MC kì í ju 0.2 sí 0.5 lọ. Ihò tí wọ́n kọ PHONO sí lẹ́yìn ámpílífáyà sábà máa ń sọ iná MM di ìlọ́po 100, bẹ́ẹ̀ MC ń fẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 1,000. Ohun tó ṣe kátíríìjì bàbá nìyẹn. A kò dá a padà. Àpótí kékeré tó ní ojú ìyípadà MM àti MC ni mo ní kí wọ́n rà, kí a fi sáàárín ẹ̀rọ àwo àti ámpílífáyà, ariwo náà sì rọlẹ̀.

Ẹ̀ka ọ̀rọ̀ yìí kan náà ló ń dààmú àwọn tó jogún rédíógíráàmù. Kátíríìjì ṣẹ̀ráámíìkì ló wà nínú púpọ̀ nínú wọn, iná tirẹ̀ sì pọ̀ débi pé kò nílò PHONO rárá. Ẹni tó bá yọ ọ́, tó fi MM rọ́pò rẹ̀ láìfi nǹkan mìíràn kún un, ohùn tínńtín tí kò ní ìsàlẹ̀ ni yóò gbọ́, nítorí pé nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ àwo, wọ́n ń dín ohùn ìsàlẹ̀ kù, wọ́n sì ń gbé ti òkè ga, gẹ́gẹ́ bí òdiwọ̀n RIAA (ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe àwo ní Amẹ́ríkà) tó ti wà láti 1954. PHONO ló ń dá a padà sí bó ṣe yẹ.

Apá ẹ̀rọ ni àwọn ènìyàn kì í bi mí léèrè, bẹ́ẹ̀ òun ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Ẹ so òkúta mọ́ rọ́bà, kí ẹ fà á, kí ẹ jù ú sílẹ̀: yóò máa fò sókè sódò ní ìwọ̀n kan tí kì í yí padà. Apá àti kátíríìjì orí rẹ̀ ni òkúta náà. Rọ́bà tó di ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́ mú ni rọ́bà náà. Bí ìwọ̀n fífò yẹn bá bọ́ sí ìsàlẹ̀ 7 Hz (ìyẹn, ẹ̀ẹ̀meje láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), àwo tó bá ti ká díẹ̀ yóò máa mì ín. Bí ó bá sì sún mọ́ 20 Hz, ó ti wọ inú orin nìyẹn. Láàárín 8 sí 12 ni a ń wá. Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i, kí ó ṣí aṣọ iwájú sípíkà, kí ó gbé àwo tó ti pẹ́ nínú búùtù ọkọ̀ sí i: yóò rí bébà sípíkà ńlá tó ń jáde, tó ń wọlé bí ẹni ń mí, láìsí ohùn kankan.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ̀rọ Technics SL-1200MK2 ní apá tí ìwé rẹ̀ pè ní gíráàmù 12 (gíráàmù ìwọ̀n ni mò ń wí, kì í ṣe gíráàmù tí àwọn bàbá wa ń gbọ́). Kátíríìjì MM kan, Ortofon 2M Red, jẹ́ 7.2, ìdè rẹ̀ lè tó 0.8. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 20. Rírọ̀ ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́ rẹ̀, èyí tí ìwé ń pè ní compliance, jẹ́ 20 pẹ̀lú. 20 lọ́nà 20 jẹ́ 400. Nọ́ńbà tí a fi ìlọ́po ara rẹ̀ rí 400 ni 20. Ẹ fi 20 pín 159, nọ́ńbà tí kì í yí padà nínú ìṣirò yìí, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 8 Hz. Ó wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Ẹ gbé kátíríìjì kan náà sórí apá gíráàmù 25, yóò já wálẹ̀ sí nǹkan bíi 6. Ẹ ṣọ́ra níbì kan: àwọn ará Japan sábà máa ń wọn rírọ̀ yìí ní 100 Hz, nọ́ńbà wọn sì máa ń kéré. Audio-Technica, ilé iṣẹ́ Japan kan, kọ 7 fún kátíríìjì MM wọn, AT-VM95E; mo máa ń sọ irú rẹ̀ di ìlọ́po kan ààbọ̀ sí méjì kí n tó ṣírò.

Wáyà tó ti ẹ̀rọ àwo lọ sí ámpílífáyà náà lọ́rọ̀ tirẹ̀, fún MM nìkan. Mítà kan wáyà lásán lè tó 100 pF (pF ni a fi ń wọn bí wáyà ṣe ń gba iná pamọ́ sára), ámpílífáyà yóò sì fi tirẹ̀ kún un. AT-VM95E ń fẹ́ 100 sí 200. 2M Red gba 150 sí 300. Bí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀ jù, ohùn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ yóò máa gún etí. Ẹ lo wáyà kúkúrú.

Ó ku àwo fúnra rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwo tí a ń rà lọ́wọ́ kejì ti jó ní òde àríyá, lábẹ́ abẹ́rẹ́ tó ń tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú gíráàmù 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí ti òde òní kò ju bíi 2. Àwọn kan gbà pé abẹ́rẹ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an máa ń kan ibi tí ti àtijọ́ kò bà jẹ́. Mo ti rí èyí tó ṣẹ, ṣùgbọ́n lórí àwo tí ara rẹ̀ ti ha yánnayànna, abẹ́rẹ́ ẹnu róbótó ló ń dín ariwo kù fún mi jù. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn àwọn VM95: ara kan náà ń gba oríṣiríṣi abẹ́rẹ́, títí kan SP tó wà fún àwo 78, èyí tí ipa rẹ̀ fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí abẹ́rẹ́ LP fi ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ nínú rẹ̀.

Ẹni tó bá ń bọ̀ wá bá akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, kí ó ya fọ́tò ẹ̀yìn ámpílífáyà rẹ̀, kí ó kọ orúkọ tó wà lára ẹ̀rọ àwo, kí ó sì mú àwo kan tó máa ń gbọ́ jù dání, kì í ṣe èyí tó mọ́ jù.